Ilẹ̀kùn tí Abibat Rí Lára Àká Òkúta

Bọ́ọ̀sì ilé-ìwé ni Abibat ń wà ní Glenn Dale, ìlú kan lókè òkun, ṣùgbọ́n ọmọ bíríkìlà ará Ìsẹ́yìn ni, kì í rí ògiri tó dára kó má yà wò ó. Èyí tó fẹ́ràn jù ni àká òkúta ńlá kan lẹ́yìn ilé bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Felix. Ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ ń kó koríko àti màlúù sí.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, bó ṣe ń kọjá lọ, ó rí katapílà lẹ́nu ọ̀nà. Ó páàkì mọ́tò, ó sáré wọlé bá Felix.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fẹ́ wó àká yìí ni?"

"Òrùlé ń jò, inú rẹ̀ ṣókùnkùn, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n gun àkàbà ibẹ̀ mọ́," ni Felix fèsì. "Bó bá wù ẹ́, lọ wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Inú àká náà tutù nini. Abibat na ọwọ́ sínú ihò tóóró tí wọ́n dá sí ògiri fún atẹ́gùn. Apá rẹ̀ wọlé dé èjìká kó tó kan ìta! Igi òrùlé wọnú ara wọn, èèkàn igi ni wọ́n fi dè wọ́n, kò sí ìṣó kankan. Ó gun àkàbà dé orí àjà. Lára ògiri tó fara ti òkè kékeré tó wà lẹ́yìn àká náà, ó rí òkúta tí wọ́n tò bí ọrun. Abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òkúta, pákó ni.

"Mísítà Felix! Ilẹ̀kùn wà níbí o!"

"Ilẹ̀kùn kẹ̀? N ò rí ilẹ̀kùn níbẹ̀ rí láyé mi!"

Abibat àti awakọ̀ katapílà yí gba orí òkè. Ìtàkùn ti bo gbogbo ibẹ̀. Wọ́n fà á, wọ́n gé e, ẹ̀gún ya wọ́n lọ́wọ́. Bí pákó ṣe ṣí báyìí, ìmọ́lẹ̀ ya wọnú àká!

"Ẹ wá wo ọgbọ́n o!" Abibat ń fò sókè. "Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni wọ́n ń wà tààrà láti orí òkè wọ àjà. Wọ́n á wá ti koríko sísàlẹ̀ fún màlúù!"

Felix rọra gun òkè náà. Ó ṣí fìlà, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ orí àjà tí kò dé láti ọdún pípẹ́. Ó fọwọ́ pa òkúta ẹnu ọ̀nà náà, ó bú sẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló kọjú sí awakọ̀.

"Arákùnrin, gbé ẹ̀rọ ẹ máa lọ. Káfíńtà ni mo fẹ́ báyìí."