Bàbá Ẹ̀dà Lọ Gba Ìwé Ìsìnkú Ara Rẹ̀

Ìwé tí wọ́n fi ta rédíò kan fún Bàbá Ẹ̀dà ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ olè ti gbé rédíò náà lọ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Olùtọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ni bàbá yìí kí ó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí bébà tí ó wọ ilé rẹ̀ tí kò ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú àpótí, ọ̀kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò rántí mọ́. Àwọn aládùúgbò ní tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé oúnjẹ fún un, á fọwọ́ síwèé pé òun ti gbà á. Irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ ọn, ṣùgbọ́n irọ́ náà jọ òótọ́.

Ìyàwó náà ti kú, ó ti pé ọdún méjì. Ìwé ni kò jẹ́ kí wọ́n tètè sin ín. Àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀ nígbà náà, kò lè di bírò mú, ni ọ̀rọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Èyí obìnrin, tó jẹ́ télọ̀, ní òun ni àkọ́bí, òun ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda ìsìnkú. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fíríìjì ṣe, ní òun ni àrólé. Oníkálukú gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó kọ ọjọ́ tó wù ú sí i, ni ọ́fíìsì ìsìnkú bá kó méjèèjì tì. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ìyá wọn fi wà ní mọ́ṣúárì. Láti ìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn mọ́.

Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù nìyẹn. Ikú gan-an kò bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tó ń sá fún ikú, níbo ló fẹ́ sá gbà? Ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ sùn sí. Àyè kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀, tí àwọn ọmọ bá sì tún bẹ̀rẹ̀ ìjà, ẹlòmíràn lè sin òkú tirẹ̀ síbẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀, ó gba ọ́fíìsì ìsìnkú lọ.

Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin onígíláàsì kan.

“Ẹ kú ìrójú o, Bàbá. Ta ló ṣaláìsí?”

“Èmi ni.”

Akọ̀wé yọ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Kì í ṣe lónìí ṣá,” ni Bàbá wí. Ó na fọ́ọ̀mù tó ti kọ láti ilé sí i. Níbi tí wọ́n ti béèrè bí ẹni tó mú ìwé wá ṣe jẹ́ sí olóògbé, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Èmi náà ni.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé tábìlì. “Bàbá mi, òkú kì í fọwọ́ sí ìwé ara rẹ̀. Àmọ́ ẹ lè ṣe é sílẹ̀. Gbogbo ọmọ yín ló máa fọwọ́ sí i, lórí fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, níwájú mi níbí.”

“Kò sí ọ̀nà mìíràn?”

“Kò sí o, Bàbá.”

Bàbá fọgbọ́n àgbà ṣe é. Ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ó ní kí ó pàdé òun ní ọ́fíìsì náà lọ́jọ́bọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé kan. Kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni, kò kàn dárúkọ ẹnì kejì ni.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn méjèèjì bá ara wọn pàdé níwájú tábìlì. Ojú wọn le koko.

“Èmi ni àgbà, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i,” ni télọ̀ sọ fún akọ̀wé.

“Èmi ni àrólé,” ni àbúrò rẹ̀ sọ fún akọ̀wé náà.

“Ẹni tó bá máa fọwọ́ sí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà á sókè,” ni akọ̀wé dá wọn lóhùn.

Àrólé já fọ́ọ̀mù gbà. Ó ka orúkọ olóògbé: orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ka ilé tó ń gbé: ilé tí wọ́n ti bí i. Ó dé ibi ọjọ́ ikú, ó bá a lófìfo. Ó wo Bàbá tó jókòó síwájú rẹ̀ tó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó rọra ti bébà náà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.”

Ẹ̀gbọ́n wo ibi tó ṣófo náà, ó tì í padà. “Rárá, ìwọ ni àrólé.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni.”

“Ẹ̀yin ọmọ yìí,” ni Bàbá wí, “nígbà tí mi ò fẹ́ kí ẹ jà, ẹ jà. Nísinsìnyí tí mo ní kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ ò fẹ́.”

Télọ̀ bú sẹ́kún. “Bàbá, a ò tíì ṣe tán.”

“Èmi náà ò tíì ṣe tán. Àmọ́ àárò ìyá yín ń sọ mí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ wà.”

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sí i, àbúrò bá a di bébà náà mú kí ó má baà yẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n di í mú fún àbúrò. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i, ó sì mú bírò.

“Ọjọ́ tó ṣófo yìí ńkọ́?”

“Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.