Ọjọ́ Tí Sítátà Kọ̀ Jálẹ̀

Òórùn epo ẹ́ńjìnì àti wáyà jíjó kì í kúrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Sawaba, nítorí ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ìwọ náà mọ irú wọn, àwọn tí kì í sọ nǹkan nù. Bí kábọ̀n tó ń gbé iná wọ inú sítátà, ẹ̀rọ tó ń jí ẹ́ńjìnì, bá jẹ tán, wọ́n á gé ti mọ́tò ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n á fi fáìlì irin ha á títí yóò fi bá àyè rẹ̀ mu.

Irú rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ọkọ̀ tiwọn nígbà tí à ń múra àtigbé màmá mi lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú. Àwọ̀ funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyinjú màmá tán, ṣùgbọ́n ẹ̀rù abẹ ń bà wọ́n, wọ́n sì ti yẹ ọjọ́ náà rí. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn á lọ bí ó bá jẹ́ ọkọ àwọn ló wa àwọn débẹ̀. Àwọn ò ní wọ takisí. Wọ́n jókòó síwájú ọkọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Sítátà kàn dún “kà” lásán, ẹ́ńjìnì ò jí. Mo mọ̀ pé bí màmá bá fi lè sọ̀ kalẹ̀, ó parí nìyẹn.

“Mo mà fi gílóòbù dán kábọ̀n náà wò,” ni bàbá wí, ohùn wọn ń gbọ̀n. “Ó tàn!”

Yunifásítì ni mo wà nígbà náà, kábọ̀n tí wọ́n ti kọ́pà yíyọ́ wọ inú ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

“Bàbá, iná gílóòbù ò tó nǹkan. Sítátà ń fa iná gan-an. Kábọ̀n lásán ò lè gbé e, àfi èyí tí kọ́pà wà nínú ẹ̀.”

Bàbá ò bá mi jiyàn. Wọ́n ṣa àwọn ògbólógbòó kábọ̀n sítátà tí wọ́n ti yọ pamọ́ sínú agolo, wọ́n ha wọ́n mọ́ sìmẹ́ńtì. Kọ́pà pupa yọ lára dúdú. Wọ́n ti kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n a fi irin pẹlẹbẹ ti ẹ̀yìn wọn kí sípíríǹgì lè tẹ̀ wọ́n dáadáa.

Oòrùn ti ń mú. Aládùúgbò wa kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ fi èdè wọn lú Yorùbá ké sí màmá: “Maame, bra, ẹ wá jókòó síbòji.”

“Daabi, rárá o,” ni màmá fi dá a lóhùn. “Mo ń dúró de ọkọ mi.”

Nígbà tí ẹ́ńjìnì dáhùn, bàbá gbé màmá lọ fún iṣẹ́ abẹ náà.

Lẹ́yìn tí wọ́n tú báńdéèjì, mo yin màmá fún ìgboyà wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

“Ìgboyà wo? Nígbà tí mọ́tò kọ̀, mo ní Alhamdulillahi, Ọlọ́run ti yọ mí! Mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Ni mo bá gbọ́ ohùn bàbá ẹ. Tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa rò títí ayé pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ló fọ́ mi lójú.”

Láti ìgbà náà, n kò pe màmá mi ní ojo mọ́. Ẹ̀rù wọn ò dín kù rárá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Wọ́n kàn gbé ẹ̀rù náà jókòó sínú ọkọ̀ nítorí ọkọ wọn ni.