Ọjọ́ tí Ẹ̀rọ Búrẹ́dì Fò Lórí Ilé Alhájà

Aago mẹ́rin ìdájí ni èmi àti Sájẹ́ǹtì jáde ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ẹ̀rín sì ti ń pa wá kí a tó sọ̀kalẹ̀ tán lórí òkè. Ọkọ̀ tí a wọ̀ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ológun ni, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lù ní gbàǹjo lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Oṣù mẹ́rin ni mo fi so kéréènì mọ́ ọn lẹ́yìn, apá irin gígùn tí mo rí rà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta àlòkù, tí epo inú páìpù ń tì gòkè. Mo jó irin gbọọrọ méjì mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà ká, mo sì so pọ́ǹpù epo mọ́ jíà kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa yí i. Àwọn ará àdúgbò ní orí mi ti dàrú. Títí di ọjọ́ yẹn, ìtì igi àti àpò sìmẹ́ńtì nìkan ni ó tíì gbé. Èkó ni iṣẹ́ rẹ̀ gidi àkọ́kọ́ wà.

Sájẹ́ǹtì kì í ṣe orúkọ àbísọ awakọ̀ mi. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, irú ọkọ̀ yìí ló wà lójú ogun, orúkọ náà sì bá a délé. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe síárìn ọkọ̀ náà sí, bẹ́ẹ̀ ìjọba ti ní kí gbogbo wa máa gba apá ọ̀tún títì. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni Sájẹ́ǹtì jókòó sí, kò sì rí iwájú bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Èmi ni mo di ojú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ṣé ọ̀nà mọ́?”

“Ó mọ́! Máa lọ!”

“Ẹ wò ó dáadáa o. Ogun ò pa mí, mi ò fẹ́ lọ kú sí Ìfọ̀.”

Ní Sango Ọ̀tà, a ra àkàrà kọ́bọ̀ mẹ́wàá àti ẹ̀kọ gbígbóná. Ní ilé wa, alákàrà ìbá fi méjì ṣe ènì fún wa. Ẹyọ kan ni ti Ọ̀tà fi sí i, ó ní Èkó la kúkú ń lọ, kí a tètè kọ́ ìṣe ibẹ̀. Láti Agége lọ, kòtò pọ̀ débi pé orí mi ń kan òrùlé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gun afárá, tí ọ̀sà tẹ́ lọ salalu lábẹ́ wa, tí ó ń dán bíi páànù tuntun, orin bọ́ sí mi lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Sájẹ́ǹtì ń gbè é.

A gba Ìdúmọ̀tà kọjá, a sì wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ewúrẹ́ lè sùn láàárín ilé sí ilé. Níbí, ògiri kan náà ni ilé méjì ń pín lò. Ìyá Ṣadé, obìnrin Ìjẹ̀bú tí ó ránṣẹ́ pè wá, ń dúró dè wá lẹ́bàá ẹ̀rọ ńlá tí ń po fùláwà. Ó ti ta gbogbo ọjà aṣọ rẹ̀ kí ó lè rà á. Ẹ̀yìnkùlé agboolé ni ó mọ ààrò búrẹ́dì rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó lọ síbẹ̀ kò gba ènìyàn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀rọ ti wà lójú títì, òjò sì ti ń ṣú. A ní láti gbé e gba orí ilé.

Alhájà tí ó ni ilé náà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Orí ẹní ni ó wà ní ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ̀yin ará òkè, orí ilé bàbá mi lẹ fẹ́ gbé irin gbà?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Kí gbogbo ilé kàn jáde fún ìgbà díẹ̀.”

“Tó bá já ńkọ́?”

“Kò ní já, mà.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

Mo jẹ́wọ́ pé ìtì igi àti àpò sìmẹ́ńtì nìkan ni ó tíì gbé rí. Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, kò purọ́ sí i. Gbogbo yín, ó yá, ẹ bọ́ síta!”

A so ẹ̀rọ mọ́ ẹnu kéréènì, a na ẹsẹ̀ irin méjì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà dojú dé, mo sì fa ọ̀pá ìdarí. Epo pariwo nínú páìpù, apá irin nà, ẹ̀rọ kúrò nílẹ̀. Ó ga ju fèrèsé lọ. Ó ga ju páànù lọ! Àwọn ènìyàn hó yèè, èmi náà hó. Mo rọra yí i sórí ilé.

Àfi bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹsẹ̀ kan ń rì!”

Orí àpáta ni mo ti ń dán kéréènì wò nílé. Iyanrìn ni ilẹ̀ Èkó, omi sì ni abẹ́ iyanrìn. Ẹ̀rọ ń fì dirodiro lókè òrùlé. Bí mo bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ilé wó. Bí mo bá fà á padà, ọkọ̀ lè dojú dé. Mo dá ọwọ́ dúró.

“Pákó!” ni Sájẹ́ǹtì ń ké. “Pákó tó fẹ̀!”

Kò sí pákó. Ni mo bá gbọ́ ohùn Alhájà: “Ẹ yọ ilẹ̀kùn mi!”

Ilẹ̀kùn ìrókò ni, tí bàbá rẹ̀ ṣe. Ọkùnrin mẹ́rin yọ ọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tí ó rì. Sájẹ́ǹtì wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti jáàkì, ó gbé e lé ilẹ̀kùn, ó ń fi í ti irin ọkọ̀ sókè. Ilẹ̀kùn ké kà! Ó là, ṣùgbọ́n kò rì. Ọkọ̀ dúró.

Mo tún fọwọ́ kan ọ̀pá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń jí ọmọ tuntun lójú oorun. Ìyá Ṣadé ti lọ dúró jìnnà sí ààrò ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń pariwo, “Máa bọ̀! Máa bọ̀! Ó kù díẹ̀!” Lẹ́yìn náà, “Ó ti balẹ̀ o!”

Mo jó. Mi ò mọ ijó jó, ṣùgbọ́n mo jó. Sájẹ́ǹtì yọrí lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lójú, ó kí mi bí ológun. Ìgbà tí mo rí ilẹ̀kùn tó là sí méjì ni ijó tán lẹ́sẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ síwájú Alhájà.

“Ilẹ̀kùn ló là, orí ò là,” ó ní. “Dìde. Ẹ ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà fún mi.”

Ẹja tútù inú ọ̀sà ni wọ́n fi gbà wá lálejò, a sì sùn níbẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà, gbogbo agboolé péjọ síwájú ààrò. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ gbóná débi pé a ń sọ ọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Alhájà fi tirẹ̀ bọ tíì, ó ní iyọ̀ kù ú díẹ̀, ó sì tún bu òmíràn.

Ọ̀sán la padà wọ Abẹ́òkúta pẹ̀lú búrẹ́dì méjìlá. Ìyàwó mi sáré jáde. “Ṣé ó gbé e?”

“Ó gbé e!” Mo gbé òun náà, mo fi í yípo.

Nígbà tí mo ń lọ, mo rò pé èmi ni mo fẹ́ lọ ran àwọn ará Èkó lọ́wọ́. Àlejò ni mí, obìnrin yẹn kò mọ orúkọ mi, bẹ́ẹ̀ ó sì yọ ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ fún mi kí n tó bẹ̀ ẹ́. Kí n tó wẹ̀, mo mú okùn tí mo ti fi wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí a tó kúrò l'Ékòó, mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ. Mo ní kí ó lo ìrókò tó nípọn jù lọ.

Ó bi mí pé ilẹ̀kùn ta ni.

“Ti ìyá mi ni,” mo ní, “l'Ékòó.”