Etí Hedley Tranter

Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé mo fẹ́ bo òkú ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: Hedley Tranter kì í ṣe ènìyàn dáadáa. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi gbé ilé tó kángun sí tirẹ̀ ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ògiri náà ò sì nípọn, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí ìyàwó rẹ̀ tí n kò gbọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ irin ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan títí wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé rẹ̀ wá kù sí gáréèjì oníbíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé.

Ọkọ̀ kékeré ni, aláwọ̀ ewé, ẹni méjì péré ló ń gbà, aṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn sì ni òrùlé rẹ̀. Ọdún 1964 ni wọ́n ṣe é. Hedley sọ ọ́ ní Dorothy. Ìyẹn ò burú, nítorí gbogbo ọkùnrin àdúgbò wa tó ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń fún un ní orúkọ obìnrin, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí wọ́n bá ń nù ún. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ohùn tó fi ń bá Dorothy sọ̀rọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan kó fi bá Thelma ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kabúrétọ̀ méjì ló wà lára ẹ́ńjìnì irú ọkọ̀ yẹn, ibẹ̀ ni epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí méjèèjì ń fà gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí kò bá dọ́gba, ẹ́ńjìnì á máa gbọ̀n, á máa húkọ́, á máa tu èéfín dúdú. Àwọn mìíràn ń fi gèèjì wọ̀n ọ́n. Hedley kì í lo gèèjì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ní, tó gùn tó apá ènìyàn. Á ki ẹnu kan bọ etí, á gbé ẹnu kejì sí ẹnu kabúrétọ̀ ti iwájú, á gbọ́ bó ṣe ń ṣe ṣììì, á gbé e sí ti ẹ̀yìn, á tún gbọ́. Á fi sípánà kékeré yí nǹkan kan díẹ̀, díẹ̀ tí ojú ò fi ní rí i, á tún gbọ́. Nígbà tí ṣììì méjèèjì bá ti di ọ̀kan náà, á na ẹ̀yìn rẹ̀, á ní, "Ó ń kọrin báyìí."

Ó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ àtijọ́ á tò sí iwájú ilé rẹ̀, Hedley á jókòó sórí àpótí rẹ̀ bí ọba, Thelma á máa gbé tíì àti bisikíìtì kiri lórí tíréè. Etí ni wọ́n ń pè é. "Ẹ gbé e lọ bá Etí." Orúkọ yẹn dùn mọ́ ọn ju orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n bó ṣe mọ iṣẹ́ tó ni ẹnu rẹ̀ ṣe burú tó. Tíṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, Gareth Bostock, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ní Sátidé kan ó mú gèèjì onígíláàsì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wá.

"Kí nìyẹn, Gareth?"

"Gèèjì ni, Hedley. Ó ń wọn afẹ́fẹ́."

"Àbí èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń wo ibà ìyá rẹ ni?" Hedley ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń yí i síwá sẹ́yìn fún gbogbo wa. "Ihò wo ni wọ́n ń kì í bọ̀?"

A rẹ́rìn-ín. Hedley jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì òróró dúdú tó fà yọ lára ẹ́ńjìnì, ó ní, "Jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀." Bostock fọwọ́ ara rẹ̀ wá a nínú òróró náà títí dé ìgúnpá, pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wa.

Ti Thelma ló burú jù. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ sì dùn, èmi tí mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ń kọrin ní kíṣìnnì bó ṣe ń fọ abọ́, Hedley sì pe àwọn ọkùnrin náà kí wọ́n wá gbọ́. "Ẹ gbọ́ ọ! Waipà ọkọ̀ lórí gíláàsì gbígbẹ! Òkú etí ni wọ́n bí mọ́ obìnrin yìí." Thelma náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, kò lọ sí ẹgbẹ́ akọrin mọ́, mi ò sì gbọ́ orin láti ẹ̀yìn ògiri mọ́.

Nígbà tí Hedley pé ẹni àádọ́rin ọdún, etí náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ mọ̀, nítorí ariwo rédíò rẹ̀ ń gbọn àwo mi. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀, torí ọkọ̀ tó bá wọ gáréèjì rẹ̀ ní àlàáfíà á jáde tòun ti ikọ́. Ẹni tó bá ti bá àwọn òyìnbó yìí gbé ti mọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n á ní, "Ó dára gan-an, Hedley, o ṣeun," wọ́n á wakọ̀ dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí kò ti lè rí wọn, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yọ gèèjì tí wọ́n fi pamọ́ sí bùùtù, wọ́n á sì tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ ṣe. Mo bá ọkọ̀ mẹ́ta níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tò bí ẹni tó wá gba omi ẹ̀rọ.

Mo bi Bostock, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?"

"Áà, kò ṣeé ṣe, Síjú. Á dùn ún."

"Ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń ṣe eléyìí?"

"Ọdún méjì ó lé díẹ̀," ó ní, ó sì ń nu ọwọ́ rẹ̀.

Thelma náà mọ̀, ó sì ti ń jẹ̀gbádùn tirẹ̀. Etí òsì ló kọ́kọ́ kú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ òsì ni Thelma máa ń gbà gbé tíì wá. Á rọra gbé e sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó dùn létí: "Tíì rẹ rèé, àgbà òmùgọ̀."

"O ṣeun, Thelma."

"Kí ó fún ọ lọ́rùn pa."

"Mm. Ṣúgà tó."

Mo máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí ẹ̀rín má bàa jáde. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò mọ.

Ní oṣù Karùn-ún, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n ṣe àfihàn ọkọ̀ ńlá ti agbègbè wa, gbogbo ẹgbẹ́ ti pé sí gáréèjì, Hedley sì dìde, ó lọ tọ̀. Bostock mú rọ́bà náà lórí àpótí. Ó fa àbẹ́là kan yọ lápò, ó gé ìda rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ ẹ́ wọ inú rọ́bà náà títí ó fi dí pa. Kò yára. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń wò ó, èmi ni ìkẹsàn-án, kò sì sí ẹni tó sọ pé kó má ṣe é.

Hedley padà dé. Ó jókòó, ó ki rọ́bà bọ etí ọ̀tún, ó gbé e sí ẹnu kabúrétọ̀ ọkọ̀ Bostock. Ó di ojú. "Ti iwájú yìí ń fà jù," ó ní. Ó yí sípánà. Ó gbé e sí ti ẹ̀yìn, ó mi orí. "Ó kù díẹ̀... ó kù díẹ̀..." Ó tún yí i. Ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó ń kọrin báyìí."

Bostock tẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ṣé o gbọ́ ọ dáadáa?"

"Etí mi ò purọ́ fún mi rí."

Bostock gba rọ́bà náà, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kò sí ohun tó jáde. Ó gbé e fún ẹni tó tẹ̀lé e, ìyẹn náà fẹ́ ẹ, ó sì lọ yíká bẹ́ẹ̀ títí ó fi kàn mí. Èmi náà fẹ́ ẹ. Bostock wá fi ọ̀bẹ là á, ó sì gbé ìda àbẹ́là náà sí àtẹ́lẹwọ́ Hedley.

A rẹ́rìn-ín débi tí mo fi di ògiri mú. Hedley ń wo ìda náà, ó ń wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bostock gbé ẹnu sí etí rẹ̀, ó pariwo bí ẹni ń pe ọmọ kíláàsì: "ORIN WO LÓ Ń KỌ, HEDLEY?"

Lẹ́yìn náà, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Thelma fún tíì, wọ́n sì lọ.

Fún ọjọ́ mẹ́rin, Hedley kò jáde. Ní ọjọ́ karùn-ún mo rí i tó ń gé rọ́bà tuntun. Ó pariwo fún mi láti òdìkejì igi ọgbà pé òun yóò gbé Dorothy lọ sí àfihàn náà, òun yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ níwájú Bostock àti gbogbo wọn, kí wọ́n gbọ́ ẹ́ńjìnì tí wọ́n fọwọ́ gidi tò. Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ kò ní lè tò ó. Òun náà mọ̀. Kàkà kó ra gèèjì, ó sàn fún un kó kú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí àfihàn náà bọ́ sí, mò ń gé igi ọgbà mi, ẹ́ńjìnì Dorothy sì ti ń dún láti nǹkan bíi wákàtí kan.

"Thelma," Hedley pè. Ó tún pè é. "Thelma, jọ̀ọ́, wá síbí."

Ọdún mọ́kànlélógún, mi ò gbọ́ "jọ̀ọ́" lẹ́nu rẹ̀ rí. Thelma jáde, ó ń nu ọwọ́ sí épírọ́ọ̀nù. Hedley na rọ́bà sí i, kò wo ojú rẹ̀.

"Bá mi gbọ́ ọ. Sọ fún mi bóyá wọ́n dọ́gba."

Thelma gbé ẹnu sí etí rẹ̀. "Èmi? Pẹ̀lú òkú etí mi?"

"Jọ̀ọ́," ó tún ní.

Thelma gba rọ́bà náà. Ó gbọ́ ti iwájú, ó gbọ́ ti ẹ̀yìn, ó tún padà sí ti iwájú, ó fara balẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé. Kò yẹ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo wà lẹ́yìn igi, láìní rọ́bà, mo gbọ́ ọ: ti iwájú ń hó yàà, ti ẹ̀yìn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mí, ọkọ̀ náà sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Thelma yọ rọ́bà létí. Ó gbójú sókè, ó rí mi. Mo wo àlùmọ́gàjí ọwọ́ mi.

"Ó dọ́gba," ó wí sí etí Hedley.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dọ́gba géérégé. Má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́."

Hedley gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀ náà. "Ó ń gbọ̀n."

"Ó ti ń gbọ̀n tipẹ́, Hedley. O kì í fọwọ́ kàn án ni."

Ó ro ọ̀rọ̀ náà. Mo rí i tó ń rò ó, mo sì rí ìgbà tó gbà á gbọ́. Ó fi ẹnu kan Thelma ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú Hedley sì tutù fún omijé. Àánú rẹ̀ ṣe mí nígbà náà, àánú gidi. Bí mo bá pariwo, yóò gbọ́ mi. Mi ò pariwo. Mo ń ro bí ojú Bostock yóò ti rí bí Hedley bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, mo sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Hedley dé fìlà, ó wọ ọkọ̀, ó jáde sójú títì. Dorothy húkọ́, ó tu èéfín dúdú sórí òdòdó gbogbo ilé tó kọjá, ó dún bí ìbọn lẹ́ẹ̀mejì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń wọlé ìsìn sì yí ojú padà. Hedley gbé ọwọ́ sókè, ó kí wọn. Wọ́n kí i padà.

Thelma dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ́tí títí ọkọ̀ náà fi yà sí ọ̀nà ńlá.

"Ti iwájú ń fa ìlọ́po méjì ti ẹ̀yìn," ó wí fún mi. "Ìwọ náà gbọ́ ọ, àbí, Síjú?"

Mo ní mo gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá mo máa mu tíì, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì wọlé lọ gbé omi kaná.