Ààrò Pupuru Tí Mo Yà

Láti àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ dìbò yan ààrò ni ara mi ò ti balẹ̀. Gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà kan ní Igbótako ni wọ́n kó wa jọ sí, àwọn ìyá tó ń fi èéfín yan pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wa, àti àwa ọmọ wọn tó mọ àwòrán yà díẹ̀, pé ká jọ ronú ààrò tuntun tí èéfín rẹ̀ kò ní máa ba ojú jẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n máa bá wa mọ. Ojú ìyá mi ni mò ń rò ní tèmi. Ẹ̀gbẹ́ iná ló ti lo ayé rẹ̀, ojú náà kì í yéé ṣomi.

Ọ̀pá oníhò gíga ni mo yà sí ààrò tèmi, kí èéfín lè gba orí pupuru kọjá sókè. Arábìnrin tó wá darí wa láti Àkúrẹ́ ní ká má kọ orúkọ sí bébà tí a yà á sí, ká lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri, kí kálukú lọ lẹ àmì pupa mọ́ èyí tó wù ú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni kò fi ní sí ojúsàájú. Kò tíì mọ̀ wá ni. Bàbá wòlíì tó yọ̀ǹda gbọ̀ngàn náà ya tirẹ̀, ó sì dúró tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ lóko. Ta ló máa kí àgbà tán, tí yóò wá kọjá lọ síbòmíràn? Bí àwọn ìyá ti ń kúnlẹ̀ kí i ni wọ́n ń lẹ àmì mọ́ ti Bàbá. Inú ń bí mi, torí ààrò Bàbá ò níbi tí èéfín ń gbà jáde, mo sì gbà pé kò sí ìyá kan níbẹ̀ tí kò mọ̀.

Ó wá kan Bàbá fúnra rẹ̀. Àgbà kì í yin ara rẹ̀ lójú àwùjọ. Ó wo ògiri títí, ó lọ lẹ àmì tirẹ̀ mọ́ tèmi.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àmì wọn kúrò, tí wọ́n ń tọ Bàbá lẹ́yìn. Ìyá mi náà wà láàárín wọn.

Tèmi ló wọlé. Dípò kí n yọ̀, ẹ̀rù ló bà mí, torí n kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wo ohun tí mo yà. Mo fa ìyá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Màámi, ṣé ọ̀pá yẹn ò ga jù? Ṣé ibi tí mo ní kí ẹ máa jókòó sí tẹ́ yín lọ́rùn?”

Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú.

“Má bínú, ọmọ mi. Ibi tí wọ́n ní Bàbá lẹ tiwọn sí ni mo lẹ tèmi sí. Bébà funfun lásán ni ojú mi yìí rí.”