Ọjọ́ Tí Mo Tú Táímà Kúkà Ìyàwó Mi

Nọ́ọ̀sì ló lé mi jáde. "Dádì, ẹ máa lọ sílé ná. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, a máa pè yín."

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi ní ọsibítù kan ní Ìgandò láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n yọ fáíbíróìdì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mi ò lè jókòó. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ títí ojú fi ń ti àwọn tó ń wò mí. Mo gba ilé lọ ní Ẹ̀gbẹ́dá.

Nílé, mo jókòó, mo dìde. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo pa á. Ẹsẹ̀ gbé mi dé ilé ìdáná, níwájú kúkà oníná tòkunbọ̀ tí ìyàwó mi fi ń yan búrẹ́dì kí táímà rẹ̀ tó bàjẹ́. Bí táímà yẹn ò bá ti ṣiṣẹ́, ófùnù ò ní gbóná rárá. Ó pẹ́ tí ìyàwó mi ti ń bẹ̀ mí pé kí n tún un ṣe. "Ọ̀la" ṣáá ni mo máa ń wí.

Mo yọ wáyà kúkà lára iná, mo sì tú ojú rẹ̀. Nọ́ọ̀tì kan já bọ́, mi ò rí i mọ́. Mo fa táímà yọ. Ó rí bí inú aago, eyín kan ti kán lára irin rẹ̀. Mo dì í sínú ọ̀rá, ó di Ìkòtún.

Bàbá kan tó ń ta àlòkù ẹ̀yà kúkà yí i wò. "Irú èyí ti wọ́n o. Àbí kí n so wáyà rẹ̀ pọ̀, kó máa gbóná láìsí táímà?"

"Rárá, sà. Táímà gan-an ni ìyàwó mi fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yára."

"Ta ló ń lé yín?"

Mo sọ fún un. Ó ti àpótí sí mi, mi ò jókòó. Ló bá da páálí kan tó kún fún àlòkù táímà sílẹ̀. "Ó dáa, ẹ bá mi wá èyí tó ní ẹnu wáyà mẹ́rin." A bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwa méjèèjì, a ń ṣà á. Ó kéré tán, ọwọ́ mi rí nǹkan ṣe.

Fóònù dún. Àbúrò ìyàwó mi ni. "Bọ̀dá mi, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n mi jáde o! Wọ́n ti lajú."

"Kí ló sọ?"

"Omi ni wọ́n ń béèrè."

Mi ò mọ bí mo ṣe dórí ọ̀kadà. Àfi ìgbà tí mo dé ọsibítù ni mo rántí pé mo fi táímà sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá yẹn.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, bàbá náà ti rí táímà òmíràn. Kó tó béèrè owó, ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé mi wálé wá bá mi dè é.

Táímà náà máa ń sáré ju aago lọ díẹ̀, ó máa ń pa ófùnù kí àkókò tó pé. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi yan nígbà tí ara rẹ̀ yá, inú rẹ̀ ò jinná. A jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó jinná.