Ìyá Kòjábọ́ Padà Lọ Dúpẹ́ Àná

Kòjábọ́ kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń fọ fèrèsé ilé gíga ni wọ́n fún un ní orúkọ yẹn, lọ́jọ́ tí àkàbà yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì rọ̀ mọ́ etí fèrèsé títí wọ́n fi gbé àkàbà míì wá. Ó sọ̀kalẹ̀, ó mu omi, ó bèèrè kànìnkànìn rẹ̀, ó sì padà sókè lọ parí iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é ní nǹkan míì níbi iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Ohun tí Kòjábọ́ sọ fún un ni pé fèrèsé lòun ń fọ̀, òótọ́ sì ni. Bí fèrèsé ọ̀hún ṣe ga tó ni kò sọ.

Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Ìyá tí àyà rẹ̀ ń já bí ọmọ bá gun àga, irú ìròyìn wo lẹ fẹ́ kí ọmọ máa mú lọ bá a?

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún ìyàwó Kòjábọ́ ti wọ oṣù keje. Ilé ìfọṣọ ni ìyàwó náà ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni, bí ọkọ bá ń bọ̀ nílé, aya ń lọ. Ta ló máa gbé ọmọ? Wọ́n bẹ Ìyá pé kó wá máa gbé pẹ̀lú wọn. Láti ìgbà tí bàbá Kòjábọ́ ti kú, òun nìkan ló ń gbé nílé, àmọ́ kò yára gbà.

"Ìlú tí wọn kì í kí ara wọn, kí lèmi fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" ohun tó sọ lórí fóònù nìyẹn. "Màá wá wò ó. Bí mo bá rí ìdí tí màá fi dúró, màá dúró. Bí mi ò bá rí i, tó bá dọjọ́ Àìkú, kí ẹ mú mi lọ sí gáréèjì."

Ọjọ́bọ̀ ló dé. Bí òun àti Kòjábọ́ ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé, ọkùnrin kan ń sọ̀kalẹ̀, Ìyá sì kí i pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọkùnrin náà kọjá lára wọn bíi pé ògiri ló sọ̀rọ̀.

Ìyá dúró. "Ṣé etí ẹ̀ ti di ni?"

"Rárá, Ìyá. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbí nìyẹn."

"Ó dáa," ni Ìyá wí.

Ẹni tó bá mọ ìyá yìí mọ̀ pé "ó dáa" rẹ̀ kì í ṣe ohun tó dáa rárá.

Ìyàwó ló gbà á nímọ̀ràn pé kó gba àyè níbi iṣẹ́, kó gbé Ìyá jáde, kó má jẹ́ kó jókòó kó máa wo ògiri. Àmọ́ àpò ti gbẹ. Aṣọ ọmọ àti ibùsùn ọmọ ti jẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni Kòjábọ́ rántí pé ẹni tó ń fọ fèrèsé mọ ìlú ju ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lọ. Láti òkè níbẹ̀ ló ti ń rí ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣe fàájì láìsan kọ́bọ̀. Ibẹ̀ ló máa mú ìyá rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọgbà òdòdó tó wà láàárín ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ìyá jókòó sórí àga gbọọrọ, ó na ẹsẹ̀, ó wo òdòdó pupa àti òdòdó yẹ́lò títí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Inú Kòjábọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa dùn ni Ìyá bá yíjú sí i.

"Èló la san?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Ìyá."

"Ọ̀fẹ́ ta ni?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba ọ̀hún dà, kí n kí i?"

Kòjábọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àwàdà kọ́. Ìyá ti dìde, ó ti ń lọ bá ọkùnrin kan tó ń ti ọmọlanke tó kún fún koríko. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ ṣeun tí ẹ jẹ́ ká jókòó. Ọgbà yín dára púpọ̀." Ọkùnrin náà wẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá wí. Ẹ̀sùn nìkan ni wọ́n máa ń gbé wá bá a látẹ̀yìn wá: ajá ti ṣu síbí, àga ti kán lọ́hùn-ún. Ó kàn mi orí. Kòjábọ́ ti sá lọ dúró sẹ́yìn igi, ojú ń tì í. Àgbà ọkùnrin, ẹ wò ó o.

Láti ibẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn sọdá odò lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá ò wọ irú ẹ̀ rí. Ó di irin mú, ó ń wo omi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, ó lọ dúró níwájú atukọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Atukọ̀ yẹn ti fa fìlà bo ojú, ó ní "hùn," kò gbójú sókè.

"Ó gbọ́," ni Ìyá wí, ó sì bọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Ilé àwòrán ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Gbọ̀ngàn ńlá ni, gíláàsì ni òrùlé ẹ̀ lókè pátápátá, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé sórí àwòrán gbogbo. Kòjábọ́ ló ń fọ gíláàsì yẹn. Òun fúnra ẹ̀ ò mọ ohun tó mú òun lọ síbẹ̀. Bóyá ó fẹ́ kí ìyá òun rí iṣẹ́ òun láìmọ̀. Ó dorí kodò, ó ń bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ tó mọ òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀ṣọ́ tuntun ni wọ́n bá. Ìyá dúró pẹ́ níwájú àwòrán obìnrin kan tó ń fọṣọ, ó ní obìnrin náà ò fún aṣọ yẹn dáadáa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́.

Nílé, ìyàwó Kòjábọ́ bi Ìyá bóyá ó gbádùn ẹ̀. Ó ní ojú òun rí nǹkan. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sẹ́ni tó gbójúgbóyà láti bi í bóyá ó máa dúró.

Láàárọ̀ Sátidé, Kòjábọ́ ti ṣètò pé pápá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù làwọn máa lọ, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ó jí, ó bá Ìyá nínú aṣọ àti bàtà, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ibo lẹ ń lọ?"

"A fẹ́ lọ dúpẹ́ àná."

"Ìyá, ẹ ti dúpẹ́ lánàá. Àti pé wọn ò ní rántí wa."

"Àwa ò ṣáà tíì gbàgbé wọn. Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Ṣé ibi tí wọ́n ti gbà ọ́ lálejò lo fẹ́ jẹ tán kó o nu ẹnu? Dìde, jàre."

Kòjábọ́ ti ètò bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dìde.

Bí ọkùnrin ọgbà ṣe rí wọn, ó gbé ọmọlanke kalẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n kàn wá dúpẹ́ àná ni, ojú ẹ̀ túká. Ó ní òun sọ fún ìyàwó òun lálẹ́ àná pé ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ òun, ìyàwó òun ní irọ́ ni. Ó mú Ìyá lọ sẹ́yìn ọgbà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti omi títí oòrùn fi ga. Lọ́tẹ̀ yìí, Kòjábọ́ ò sá sẹ́yìn igi. Ó jókòó tì wọ́n.

Ní etí odò, atukọ̀ ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó ṣí fìlà. "Màmá àná, ẹ káàbọ̀." Ó ní kí Ìyá wá jókòó nítòsí òun, ó sì fọn fèrè ọkọ̀ nítorí ẹ̀, àwọn èrò ń wo ara wọn. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. Kòjábọ́ wò ó, inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé ọ̀la ni ọjọ́ Àìkú.

Ilé àwòrán ló ti rántí. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà lónìí, òun ló mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó.

"Kòjábọ́, kí lo wá ṣe? Ọjọ́ iṣẹ́ ẹ kọ́ nìyí."

Ìyá yíjú. "Ta ni Kòjábọ́?"

Ẹ̀ṣọ́ yẹn kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Ó sọ bí àkàbà ṣe yọ̀, ó sọ bí ọmọ náà ṣe rọ̀ mọ́ etí fèrèsé, ó sì nàka sí òrùlé gíláàsì pé òun náà ló ń fọ ibẹ̀ yẹn. Ìyá gbójú sókè. Kòjábọ́ mọ̀ pé ó parí nìyẹn. Ìyá máa lọ, ọmọ tó ń bọ̀ ò ní mọ ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀.

"Ìyá, okùn máa ń wà ní ìbàdí mi báyìí. Bẹ́líìtì ni wọ́n so ó mọ́—"

Ìyá gbé ọwọ́ sókè dá a dúró. Ẹ̀ṣọ́ ni Ìyá bá sọ̀rọ̀. "Tó bá fọ ọ́ tán, ta ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Màmá, bí gíláàsì bá mọ́, kò sẹ́ni tó ń rí i."

Ìyá wá yíjú sí ọmọ ẹ̀. "Tó o bá ti orí ibẹ̀ yẹn délé nírọ̀lẹ́, ta lo máa ń bá?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá. Ìyàwó mi á ti lọ síbi iṣẹ́."

Ìyá di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ti le, ọṣẹ ti jẹ ẹ́ lára. "Ẹ̀rù ń bà mí," ni Ìyá wí, "mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ó ń bà mí gan-an. Àmọ́ ẹni tó ń gun ibi tó ga tó yìí, tí Ọlọ́run sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàyè lójoojúmọ́, kò yẹ kó délé kó má rí ẹni tó máa kí i káàbọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ọmọ mi. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi wo gbogbo èyí lánàá, mi ò mọ̀ pé ìwọ ni."

Ẹ̀ṣọ́ yẹn, pẹ̀lú gbogbo ẹnu ẹ̀, kàn ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn méjèèjì ni.

Ọkọ̀ ọjọ́ Àìkú lọ, Ìyá ò wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé, Kòjábọ́ padà sórí òrùlé gíláàsì, ó fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ó sì gbé korobá ẹ̀, ó forí lé ilé. Bó ṣe fẹ́ ti kọ́kọ́rọ́ bọlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí láti inú.

"O káàbọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá wí. "O kú òkè o."

Kòjábọ́ wọlé. Ó gbé korobá sílẹ̀, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó sunkún díẹ̀ kó tó lè sọ pé, "Ẹ ṣé, Ìyá mi."